Ohun Tí A Mu, Ohun Tí A Fi Panu

Ìró ni kò jẹ́ kí n tètè mọ̀ pé mo ń sanra. Ẹni tó bá ń wọ síkẹ́ẹ̀tì tàbí ṣòkòtò, bí ara rẹ̀ bá fi ìwọ̀n ìka méjì péré kún, bọ́tìnì ni yóò kọ́kọ́ ta á lólobó. Ṣùgbọ́n ìró kì í bá ènìyàn jà, bí ìbàdí bá ṣe ń gbòòrò sí i ni etí ìró náà yóò máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wọ ìró àti bùbá àdìrẹ lọ síbi iṣẹ́ ní Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta, tí mo rò pé ara mi kò yàtọ̀ sí ti ìgbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ọjọ́ tí mo gbé aṣọ ẹbí kan lọ fún télọ̀ mi ní Ìtòkú ni ojú mi là. Ó fi téèpù yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí ìwé rẹ̀ wò, ó tún wò mí, ó wá rọra béèrè pé, "Mọ̀mí, ṣé èyí tó wà nínú ìwé ni kí n fi gé e, àbí èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n yìí?"

Ní ọjọ́ kejì, mo gun òṣùwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní Pánṣẹ́kẹ́, ó sì dúró lórí kíló 87. Gíga mi jẹ́ mítà 1.64. Bí àwọn dókítà ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á fi gíga ènìyàn ní mítà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, wọ́n á sì fi ohun tó bá jáde pín kíló tí ó wọ̀n. Tèmi jáde sí 32. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á kalẹ̀, láti 25 lọ sókè ni ìwọ̀n ara àgbàlagbà ti ń pọ̀ jù, láti 30 sì ni wọ́n ti ń pè é ní ìsanrajù. Mo ti rékọjá ibi méjèèjì láìmọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi ní Ìtokò, ẹ̀rín ni ó bú sí. Ó ní, "Ta ló ní o sanra? Ara ló tù ọ́. Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló ń ṣe ọmọ mi?" N kò dá a lẹ́bi. Lójú àwọn ìran tirẹ̀, ẹni tó bá rù ni wọ́n máa ń bá kẹ́dùn. Ẹni tó bá sanra, wọ́n á kí i kú oríire ni. "Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe" ni ó máa ń sọ fún àwa ọmọ rẹ̀ márààrún nígbà tí a wà ní kékeré, làfún tí ó ń tà ní ọjà Kútọ̀ ni ó sì fi rán wa níwèé. Nítorí náà, nígbà tí mo dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, tí mo sọ pé wọ́n ní kí n dín òkèlè kù, ṣe ni màmá gbé ojú kúrò lára mi bí ẹni tí wọ́n bú òun. Ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé àre pọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, mo ti gbìyànjú nǹkan méjì tí kò ṣiṣẹ́. Èkíní ni Òkè Olúmọ. Mo pinnu pé ní gbogbo àárọ̀ Sátidé tí n kò bá ní òde, n ó máa gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dé orí, kì í ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹsẹ̀ ni. Mo sì gùn ún lóòótọ́. Mo máa ń dé orí àpáta náà pẹ̀lú òógùn, n ó wo àwọn òrùlé páànù pípọ́n tó tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ títí dé ìhà odò Ògùn, inú mi á sì dùn bí ẹni tó ti san gbèsè. Nígbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, òùngbẹ á ti gbẹ mí, n ó ra mínírà tútù kan, n ó sì mu ún tán ní ìdúró. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe èyí, òṣùwọ̀n kò sì kúrò lójú kan. N kò mọ̀ pé ìgò kan ṣoṣo yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo ohun tí àpáta gbà lọ́wọ́ mi padà.

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń rántí nítorí pé ó kàn wá gan-an. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn obìnrin ní ìgbèríko Nàìjíríà àti àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní Maywood, nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà. Àwọn ti Amẹ́ríkà sanra ju àwọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá rò ni pé àwọn tiwa ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń ru ẹrù, nígbà tí àwọn tọ̀hún jókòó sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn agbára tí ara wọn ń jó lójúmọ́, tí wọ́n sì ro bí ara kálukú ṣe tóbi tó mọ́ ọn, ìyàtọ̀ gúnmọ́ kan kò sí láàárín wọn. Èyí kò sọ pé kí a má rìn o. Ìrìn dára fún ọkàn, fún ẹ̀jẹ̀ àti fún oorun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti kíló, ẹnu ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó wo ẹsẹ̀.

Ìgbìyànjú kejì ni wíìtì. Gbogbo ọ́fíìsì wa ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ nígbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ẹ̀bà jáde, wọ́n á wò ó bí ẹni tó fẹ́ para rẹ̀. Mo pa ẹ̀bà tì, mo pa làfún tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro wíìtì, mo sì fi kíló méjì sanra sí i láàárín oṣù mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Gíráàmù 100 ìyẹ̀fun wíìtì, gàrí, làfún, tàbí èlùbọ́ iṣu, bí omi kò bá tíì kan wọn, gbogbo wọn ń rìn láàárín kálórì 330 sí 370 (kálórì ni a fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Wíìtì tí wọn kò bá bó èèpo rẹ̀ kúrò ní fáíbà, ìyẹn fọ́nrán oúnjẹ tí kì í dà nínú ikùn, ju àwọn yòókù lọ, èyí dára fún inú, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn. Èmi sì gbà á bí oògùn: nítorí pé mo rò pé kò lè ṣe mí ní nǹkan kan, mo máa ń ro ó fún ara mi ní ìlọ́po méjì làfún tí mo ń jẹ tẹ́lẹ̀, mo sì ń fi ọkàn balẹ̀ gé òkèlè rẹ̀ ràbàtà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àlàbátà ni ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra òṣùwọ̀n kékeré ti ilé ìdáná, kí n sì máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ra ìwé kékeré kan, mo kọ "Ohun tí mo jẹ" sí iwájú rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó wá kí wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, gàrí ìrọ̀lẹ́ àná tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù dà?"

Mo dá a lóhùn láìronú pé, "N kò jẹ gàrí. Mo mu gàrí ni."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, èmi náà sì dákẹ́, nítorí pé a jọ gbọ́ ohun tí mo sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Nínú èdè wa, òkèlè tí a fi ọwọ́ bọ ọbẹ̀ ni a máa ń kà sí oúnjẹ pátápátá. Ẹni tó ti mu ògì, tó ti jẹ àkàrà mẹ́rin, tó ti fi búrẹ́dì panu, lè sọ ní aago méjì ọ̀sán pé òun kò tíì jẹun láti àárọ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò pè é ní òpùrọ́. Gàrí tí a rẹ sómi, a mu ún. Mínírà, a mu ún. Ẹ̀pà, pọ́fù-pọ́fù àti bísíkítì, a fi panu. Epo inú ọbẹ̀, a fi sè é. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí, ara kò mọ ìyàtọ̀ kankan. Ohun tó bá ti kọjá ọ̀fun, yóò kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo yí àkọlé ìwé náà padà sí "Ohun tó gba ẹnu mi wọlé", mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gàrí. Ní ọ́fíìsì wa, bí aago bá ti ń sún mọ́ mẹ́rin, ẹnìkan á gbé ike gàrí Ìjẹ̀bú jáde, ẹlòmíràn á mú ṣúgà, ẹlòmíràn á ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri lẹ́nu ọ̀nà. Tèmi, nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, jẹ́ gíráàmù 90 gàrí, ṣúgà onígun márùn-ún, àti ẹ̀pà tó tó gíráàmù 60. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀: gàrí, nǹkan bíi kálórì 320, ṣúgà, 80, ẹ̀pà, tí mo ti máa ń kà sí ohun ìṣeré, 340. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 740. Làfún ọ̀sán ọjọ́ náà, tí mo fi gíráàmù 130 ìyẹ̀fun rò, kò ju 460 lọ. Ohun tí mo fi dín òùngbẹ kù ju oúnjẹ mi lọ, n kò sì tìtorí rẹ̀ dín oúnjẹ alẹ́ kù rí.

Ẹ̀pà kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó ní amáradàgbà, ó sì ń mú inú yó ju ṣúgà lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni òróró, ọwọ́ sì máa ń kó o láìka iye. Gíráàmù kan oúnjẹ afáralókun ń fún ara ní kálórì 4, amáradàgbà pẹ̀lú 4, ọtí 7, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti epo ń fún un ní 9.

Iye 9 yìí ni ó gbé mi wọ ilé ìdáná. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń se ọbẹ̀ ata tí a ó fi jẹ òkèlè àti ìrẹsì títí di ọjọ́ Túsìdeè, bí mo sì ṣe ń da epo sí i ni màmá mi ṣe kọ́ mi: a máa ń dà á títí ojú yóò fi sọ pé ó tó. Ní ọjọ́ yìí, mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa náà lé òṣùwọ̀n kí n tó ṣí i, mo da epo sínú ìkòkò bí mo ṣe máa ń ṣe láìfi nǹkan kan kún un tàbí dín in kù, mo sì tún gbé kẹ́ẹ̀gì náà padà lé e. Gíráàmù 410 ló ti lọ. Bí mo bá dà á sínú ìgò mínírà 50cl, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìbá kù kó kún. Mo dúró síwájú ààrò, tí epo náà ń rú èéfín, mo ń ṣírò: 410 ní ọ̀nà 9 jẹ́ 3,690. Àwa mẹ́rin ni a wà nílé, ọjọ́ mẹ́rin ni ọbẹ̀ náà fi ń lọ, nítorí náà ó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi 230 lójúmọ́, kí a tó ka ẹran, kí a tó ka òkèlè. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ kò bá léfòó, aláìmọ̀-ọbẹ̀-sè ló sè é. Èmi fúnra mi ti fi ojú yẹn wo ọbẹ̀ ìyàwó àbúrò mi rí.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ti tó láti fi hàn bí ọ̀nà ìsè ṣe ń yí oúnjẹ padà. Ẹ̀wà kan náà tí a bó, tí a lọ̀, bí a bá pọ́n ọn sínú ewé tí a fi iná sè é, ó di mọ́ínmọ́ín. Bí a bá sì dà á sínú epo gbígbóná, ó di àkàrà. Omi tó wà nínú rẹ̀ yóò máa jáde bí ó ṣe ń dín, epo yóò sì máa wọ inú ihò tí omi fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣu sísè àti dùndú. Ẹni tó bá ní òun jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, kí ó jọ̀ọ́ sọ irú èyí tí ó jẹ.

Ní ti mínírà, ìgò 50cl tí ṣúgà rẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 10 nínú mìlílítà 100 ní gíráàmù 50 nínú. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 ni pé kí ṣúgà tí a ń fi kún nǹkan má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ènìyàn ń jẹ lójúmọ́. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, gíráàmù 50 náà ni. Ìgò kan ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Ìjọba àpapọ̀ bu owó orí náírà 10 lé líítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn nínú òfin ìṣúná ọdún 2021. Náírà 5 nìyẹn lórí ìgò kan, n kò sì tíì rí ẹnikẹ́ni ní Pánṣẹ́kẹ́ tí náírà 5 dá padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nígbà tí a bá fi mínírà sin oúnjẹ olóròóró wọlé tọ́ sí àlàyé díẹ̀. Bí ṣúgà bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù yóò tú ínsúlíìnì jáde, òun ni yóò ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti wọ inú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Ààyè tí ẹ̀dọ̀ àti iṣan ní láti tọ́jú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ara yóò yára máa jó o. Bí ó bá sì ti ń jó ṣúgà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ jó ọ̀rá. Ọ̀rá inú ọbẹ̀ tó bá a wọlé ni yóò kó pamọ́ sí ikùn, ìbàdí àti apá. Kíló kan ọ̀rá ara jẹ́ nǹkan bíi kálórì 7,700. Kò sí ẹni tó ń sanra lóru ọjọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí owó àjọ.

Ní ọdún 2019, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà kó ogún ènìyàn jọ sí ibì kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti pò pọ̀ tí ó sì ti di sínú láílọ́ọ̀nù àti agolo. Fún ọ̀sẹ̀ méjì yòókù, oúnjẹ tí kò ní irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú. Wọ́n rí i pé ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti fáíbà tó wà nínú ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ lápá méjèèjì dọ́gba, wọ́n sì ní kí kálukú jẹ ìwọ̀n tó bá wù ú. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ti ilé-iṣẹ́, wọ́n jẹ nǹkan bíi kálórì 500 ju ti èkejì lọ lójúmọ́, wọ́n yára jẹ ẹ́, wọ́n sì fi nǹkan bíi kíló kan sanra. Nígbà tí wọ́n wà lórí èkejì, nǹkan bíi kíló kan náà ni wọ́n fi fọn. Ẹnikẹ́ni kò fipá bọ́ wọn. Èyí ni mo máa ń rò nígbà tí mo bá rí páálí bísíkítì lórí tábìlì ọ́fíìsì, tó ti tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun ń jẹun. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá àti ìrẹsì Ọ̀fadà tí èèpo pupa rẹ̀ ṣì wà lára kì í tán bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rẹ ẹnu láti jẹ wọ́n, ikùn á sì ti kún kí ọwọ́ tó dá.

N kò sọ pé oúnjẹ nìkan ni ó ń mú ara sanra. Àbímọ́ wà níbẹ̀, ìbímọ wà níbẹ̀, àwọn oògùn kan máa ń fà á, àìsùn tó náà ń pa kún ebi. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ṣàdédé kún láìmọ ìdí, kí ó lọ rí dókítà kí ó tó fi ẹ̀sùn kan gàrí.

Èyí tí mo ṣe kò ní ariwo nínú. Mo padà sí làfún, ìwọ̀n gíráàmù 130 náà, pẹ̀lú ewédú tó pọ̀ ju òkèlè lọ àti ẹja. Inú màmá mi dùn débi pé ó fi àpò làfún tuntun kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Epo ọbẹ̀ di ṣíbí ìjẹun mẹ́wàá fún ìkòkò kan náà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ mi ní ọbẹ̀ náà gbẹ, lọ́sẹ̀ kẹta kò sọ nǹkan kan mọ́. Gàrí ìrọ̀lẹ́ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láìsí ṣúgà. Òde Sátidé ló le jù, nítorí pé bí ènìyàn bá kọ abọ́ kejì, olóde á rò pé inú ń bí i. Mo máa ń gba mọ́ínmọ́ín, n ó sì di ìrẹsì sínú ọ̀rá lọ sílé fún àwọn ọmọ. Mínírà nìkan ni mo pa tì pátá. Ọwọ́ mi ṣì máa ń wá a nígbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ láti Olúmọ.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá, òṣùwọ̀n Pánṣẹ́kẹ́ sì ń sọ 79 báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé bùbá aṣọ ẹbí yẹn padà lọ sí Ìtòkú pé kí wọ́n bá mi fún un. Télọ̀ mi fi téèpù yí mi ká, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fi ìka méjì di etí aṣọ náà mú. Ó ní, "Mọ̀mí, mo máa rán an wọlé fún yín o, ṣùgbọ́n mi ò ní gé e. Ẹ jẹ́ ká fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ọdún ń bọ̀."